Àpò ìrẹsì tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dá oògùn dúró: àkọsílẹ̀ ìdílé kan ní Iléṣà

A ti yí ọjọ́ orí, àdúgbò àti àwọn nǹkan mìíràn tó lè mú kí èèyàn dá ìdílé yìí mọ̀ padà. Ìjọ tí ọ̀rọ̀ kàn àti àwọn ilé ìwòsàn tí wọ́n lọ kò ní orúkọ níhìn-ín. Bí nǹkan ṣe ṣẹlẹ̀ tẹ̀léra wọn ni a kò yí, nítorí inú rẹ̀ ni ẹ̀kọ́ wà fún ẹnikẹ́ni tó bá ń fi orúkọ Kristi ṣe àánú láàárín àwọn tí HIV ti wọ ilé wọn.

Bí ilé náà ṣe rí

Opó ni ìyá, kò tíì pé ọdún márùndínlógójì. Ẹ̀kọ àti ọ̀lẹ̀lẹ̀ ló ń tà láràárọ̀ nítòsí Ọjà Àtàkúmọ̀. Ọmọ mẹ́ta ló ní: obìnrin ọmọ ọdún 11, ọkùnrin ọmọ ọdún 7, àti àbígbẹ̀yìn ọkùnrin tó jẹ́ ọmọ oṣù 14 nígbà tí ìjọ bẹ̀rẹ̀ sí í ràn wọ́n lọ́wọ́ ní 2022. Ọkọ rẹ̀ wà lára àwọn tó ń wa góòlù káàkiri oko ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Ó máa ń pẹ́ lóko kó tó wálé, ìgbà tó sì wálé kẹ́yìn, ikọ́ ló gbé e dé. Ó kú kí ẹnikẹ́ni tó yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Inú yàrá méjì nínú ilé bàbá ọkọ ni opó náà àti àwọn ọmọ ń gbé, ìyá ọkọ sì wà ní yàrá òdìkejì.

Kílíníìkì aboyún ni wọ́n ti rí kòkòrò náà lára ìyá, nígbà tí oyún ọmọ kẹta wà ní oṣù karùn-ún. Ọjọ́ yẹn gan-an ni wọ́n fi oògùn lé e lọ́wọ́, nítorí láti 2016 ni ìlànà Nàìjíríà ti yí padà: ẹni tí àyẹ̀wò bá mú yóò bẹ̀rẹ̀ oògùn láìdúró de kí ara rẹ̀ kọ́kọ́ bàjẹ́. Hóró kan lóòjọ́ ni. Tenofovir mílígíráàmù 300, lamivudine 300 àti dolutegravir 50 ló wà nínú hóró kan náà, TLD sì ni àwọn tó ń lò ó ń pè é. Ọ̀fẹ́ ni.

Ó lò ó dáadáa títí di ìgbà ìrọbí. Ilé ìgbẹ̀bí ìjọ tó wà nítòsí ilé ló bí sí. Agbẹ̀bí ibẹ̀ mọ iṣẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó sọ fún un. Ìyá kò gbé oògùn dání, nítorí àwọn ẹbí ọkọ ló tẹ̀ lé e lọ, ọjọ́ mélòó kan sì kọjá tí kò fi lo ó. Ọmọ kò rí omi oògùn nevirapine tó yẹ kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kán sí i lẹ́nu láìpẹ́ lẹ́yìn ìbí, tí yóò sì máa lò fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ó kéré tán. Wọn kò gba ẹ̀jẹ̀ gígún gìgísẹ̀ rẹ̀ fún àyẹ̀wò ní ọ̀sẹ̀ kẹfà sí ìkẹjọ. Ọmọ oṣù 10 ni kí ìgbẹ́ gbuuru tí kò dá tó gbé e dé ilé ìwòsàn, ibẹ̀ ni wọ́n ti rí i pé ó ti kó kòkòrò náà. Àyẹ̀wò àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ méjèèjì kò mú nǹkan kan.

Ìjọ tó bá ní ilé ìgbẹ̀bí gbọ́dọ̀ dúró síbi yìí kó rò ó. Bí agbẹ̀bí bá ń béèrè ìwé kílíníìkì lọ́wọ́ gbogbo aboyún láìyọ ẹnì kan sílẹ̀, tó mọ ohun tí àmì inú ìwé náà túmọ̀ sí, tó sì mọ nọ́ọ̀sì tó lè pè lóru, ó ṣeé ṣe kí ọmọ yìí má kó o. Èyí ni ìrànlọ́wọ́ tó kéré jù lówó nínú gbogbo ohun tí a máa sọ.

Àpò ìrẹsì

Pásítọ̀ nìkan ni ìyá sọ fún. Pásítọ̀ gbé e lọ fún ìgbìmọ̀ wẹ́fíà, nítorí àwọn olùfẹ́ kan láti ìlú mìíràn ti fi owó ránṣẹ́ fún àwọn tí éèdì bá ilé wọn jà. Inú rere ni ó fi ṣe é. Oúnjẹ ni ìgbìmọ̀ ń rà: kóńgò ìrẹsì mẹ́rin, kóńgò ẹ̀wà méjì, gaàrí kóńgò mẹ́rin àti epo pupa lítà méjì fún ilé kan lóṣù. Ọjọ́ Ìsinmi tó gbẹ̀yìn oṣù ni wọ́n ń pín in lẹ́yìn ìsìn, níwájú ṣọ́ọ̀ṣì, nínú àpò aláwọ̀ kan náà. Wọ́n á ya fọ́tò, nítorí àwọn tó fi owó ránṣẹ́ fẹ́ rí i pé owó dé ibi tí wọ́n rán an. Orúkọ àwọn tó ń gbà á àti nọ́ńbà káàdì kílíníìkì wọn wà nínú ìwé kan tí akọ̀wé ìgbìmọ̀ ń gbé káàkiri.

Kò pẹ́ tí àwọn obìnrin ìjọ fi ṣàkíyèsí pé àwọn tó ń gba àpò yẹn kì í ṣe gbogbo opó, kì í sì í ṣe gbogbo aláìní. Ẹnì kan bi akọ̀wé, akọ̀wé kò dáhùn, àìdáhùn rẹ̀ sì ti tó ìdáhùn. Ẹni tó ń lọ ẹ̀wà kóńgò mẹ́ta fún ọ̀lẹ̀lẹ̀ lójúmọ́ kò tà tó kóńgò kan mọ́. Kò sẹ́ni tó sọ ohunkóhun sí i. Wọ́n kàn ń kọjá níwájú àtẹ rẹ̀ lọ ra ti ẹlòmíràn ni. Oúnjẹ kò lè kó HIV ran ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ dúró ṣàlàyé ìyẹn fún oníbàárà tó ti kọjá? Ọ̀rọ̀ náà dé etí ìyá ọkọ. Ó ní òun ti wá mọ ohun tó pa ọmọ òun.

Ẹ ṣírò rẹ̀. Àpò náà ń bọ́ ilé wọn fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì. Àtẹ ọ̀lẹ̀lẹ̀ tó bàjẹ́ nítorí àpò náà ló ń bọ́ wọn fún oṣù kan, òun ló ń san owó ilé ìwé, òun náà ló sì ń san owó ọkọ̀ dé kílíníìkì.

Lẹ́yìn náà ni obìnrin kan láti inú ìgbìmọ̀ wẹ́fíà rí iṣẹ́ ìmọ́tótó ní kílíníìkì tí ìyá ti ń gba oògùn. Ìyá rí i lẹ́ẹ̀kan ní ọ̀nà àbáwọlé, ó yí padà. Kò lọ mọ́. Oògùn oṣù mẹ́ta tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ tán, oògùn ọmọ náà tán. Òfin tó lòdì sí fífi HIV dá èèyàn lẹ́jọ́ wà ní Nàìjíríà láti 2014, ó sì ka títú àṣírí aláìsàn léèwọ̀. Kò sẹ́ni nínú ìgbìmọ̀ tó mọ̀ pé ìwé tí akọ̀wé ń gbé kiri kàn òfin yẹn rárá.

Orí òkè àdúrà

Ẹni tí kò bá mọ Iléṣà lè rò pé àìmọ̀kan ló gbé obìnrin yìí lọ sórí òkè. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ogún méjì ni ìlú yìí jẹ ní ti ìwòsàn. Àwọn míṣọ́nárì Mẹ́tọ́díìsì ló dá ilé ìwòsàn Wesley Guild sílẹ̀. Láti ibẹ̀ ni Dókítà David Morley ti ṣiṣẹ́ dé Ìmẹ̀sí-Ilé láàárín ọdún 1950 sí 1960, tó ń wọn àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ lóṣooṣù tó sì ń sàmì ìwúwo wọn sórí káàdì, ọgbọ́n tó ti wá di ti gbogbo ayé. Ìlú yìí kan náà ni ìsọjí ńlá ti bẹ́ sílẹ̀ ní Òkè-Oòyè ní 1930 lábẹ́ Joseph Ayọ̀ Babalọlá, tí ọ̀pọ̀ èèyàn fi àdúrà àti omi nìkan rí ìwòsàn, tí wọ́n sì pa gbogbo oògùn tì. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà lè ní ìyá àgbà tó bímọ sí Wesley àti bàbá àgbà tí kò fẹnu kan hóró oògùn rí títí tó fi kú. Nígbà tí kílíníìkì di ibi ìtìjú fún un, ogún kejì ló gbà lọ.

Ọjọ́ mọ́kànlélógún ló lò níbẹ̀ pẹ̀lú àbígbẹ̀yìn. Wòlíì ibẹ̀ sọ fún un pé ẹni tó bá fi ẹsẹ̀ kan sínú oògùn tó fi ìkejì sínú ìgbàgbọ́ kò dúró síbì kankan. Ó gba ààwẹ̀ gbígbẹ. Nígbà tó padà sílé, ó sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin pé ara òun ti yá. Òótọ́ ló sọ ní ti bí ara ṣe rí lójú ara rẹ̀: ẹni tí oògùn ti dín kòkòrò rẹ̀ kù kì í ṣubú lọ́jọ́ tó dá a dúró. Oṣù lè kọjá kó tó hàn, ìdí nìyẹn tí ẹ̀rí fi máa ń dà bí òótọ́ níbẹ̀rẹ̀. Ara ọmọdé kò ní sùúrù bẹ́ẹ̀. Láàárín oṣù mẹ́rin, ẹnu ọmọ ti funfun nínú, kò lè mu ògì, ìgbẹ́ gbuuru sì ti padà.

Èèyàn mẹ́fà, lẹ́yìn náà èèyàn kan

Olùkọ́ ọmọ Ìsinmi ló kọ́kọ́ ṣàkíyèsí pé àkọ́bí kò wá mọ́. Ó béèrè, ó gbọ́ pé ọmọ náà ti ń kiri ẹ̀kọ nígbà tó yẹ kó wà nílé ìwé. Ìgbìmọ̀ wẹ́fíà ṣe ìpàdé, wọ́n sì gbé bọ́ọ̀sì ìjọ, tí orúkọ ṣọ́ọ̀ṣì wà lára rẹ̀ gàdàgbà, lọ sílé rẹ̀. Èèyàn mẹ́fà ni wọ́n. Ìyá ti ilẹ̀kùn, ó ní kí ọmọ sọ pé òun kò sí nílé. Àwọn ará àdúgbò jáde wòran.

Ohun tó ṣí ilẹ̀kùn náà kéré gan-an. Opó àgbàlagbà kan wà nínú ìjọ tí kò sí nínú ìgbìmọ̀ kankan, tí kò sì mọ̀ ju pé ọmọbìnrin náà kò wá sí kíláàsì mọ́. Òun nìkan lọ síbi àtẹ láàárọ̀, ó ra ọ̀lẹ̀lẹ̀, ó jókòó síbẹ̀, ó jẹ ẹ́ lójú gbogbo ènìyàn. Ó padà lọ lọ́jọ́ kejì àti lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e. Kò béèrè ohunkóhun nípa ìjọ. Ọ̀sẹ̀ kan kọjá kó tó wí pé, “Ìyàwó, ọmọ tó wà lẹ́yìn rẹ yìí fúyẹ́ jù. Kí ló ń jẹ?” Ìyá bú sẹ́kún níbẹ̀, ó sì sọ gbogbo rẹ̀.

Ìbéèrè yẹn ló ṣe iṣẹ́ náà, ìdí rẹ̀ sì yé wa. Kò bi í pé ṣé o ń lo oògùn, nítorí ẹ̀sùn ló wà nínú ìyẹn. Ọmọ ló béèrè, ìyá kankan kì í sì í tijú láti sọ̀rọ̀ ọmọ tó ń kú lọ lẹ́yìn rẹ̀. Jíjẹ ọ̀lẹ̀lẹ̀ níta gbangba náà sọ ohun tí ìwàásù kò lè sọ fún àwọn tó ń kọjá.

Ọmọ ni wọ́n kọ́kọ́ gbé

Ọjọ́ yẹn náà ni wọ́n gbé ọmọ lọ sílé ìwòsàn. Kìló 6.4 ni, ó sì ti lé ní ọdún kan àbọ̀. Téèpù ìwọn apá ka sẹ̀ǹtímítà 11.2, ìyẹn àwọ̀ pupa. Kí ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ àánú mọ ààlà yìí dájú: láti oṣù 6 dé ọdún 5, ohun tó bá dín sí 11.5 jẹ́ pupa, láti 11.5 títí dé ìsàlẹ̀ 12.5 jẹ́ yẹ́lò. Ọmọ tó bá wà ní pupa, ilé ìwòsàn ni oúnjẹ rẹ̀ wà, pàápàá bí kò bá lè jẹun tàbí tó ń ṣu gbuuru. Wọn kì í gbé ìyẹ̀fun tí a pò nílé fún un, bó ti wù kí ó dára tó. Nọ́ọ̀sì fún un ní oúnjẹ inú ọ̀rá tí wọ́n fi ẹ̀pà, mílíìkì, ṣúgà àti òróró ṣe, wọ́n wo egbò ẹnu rẹ̀ sàn, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ oògùn rẹ̀ padà.

Oògùn ọmọdé ni ọ̀pọ̀ olùrànlọ́wọ́ kò mọ̀, nítorí náà a ó sọ ọ́ kúnná. Dolutegravir ọmọdé tó dé Nàìjíríà ní 2021 jẹ́ hóró mílígíráàmù 10 tó ń yòrò nínú omi, ó sì ní adùn èso. Pẹ̀lú rẹ̀ ni hóró mìíràn tó ní abacavir 120 àti lamivudine 60 nínú. Ìwúwo ló ń pinnu iye. Láti kìló 6 sí 9.9, hóró kan àbọ̀ dolutegravir àti hóró kan àbọ̀ ti ìkejì, lẹ́ẹ̀kan lóòjọ́. Bí ọmọ bá wọ kìló 10, ó di hóró méjì-méjì. A yòrò rẹ̀ sínú omi mímọ́ díẹ̀, bíi ṣíbí tíì méjì sí mẹ́rin, ọmọ yóò mu ún kí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tó kọjá, a ó sì fi omi díẹ̀ ṣan ife náà kó mu ìyókù. A kì í pò ó mọ́ ògì gbígbóná, bẹ́ẹ̀ ni a kì í pín in sí àárọ̀ àti alẹ́ láìjẹ́ pé nọ́ọ̀sì ló sọ bẹ́ẹ̀.

Ohun tó máa ń bàjẹ́ níbí ni pé ọmọ á wúwo sí i láàárín ìpàdé kílíníìkì méjì, oògùn á sì dúró sí iye ti tẹ́lẹ̀. Ọmọ yìí ti wọ kìló 10 nígbà tí ìpàdé rẹ̀ tó kàn ṣì ku ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Òṣùwọ̀n tí opó àgbàlagbà náà fi ń wọ̀n ọ́n lọ́sẹ̀ méjì-méjì ló fi hàn, wọ́n sì pe kílíníìkì láìdúró.

Nígbà tí apá ọmọ wọ yẹ́lò ni oúnjẹ ilé bẹ̀rẹ̀. Ìyẹ̀fun tí gbogbo èèyàn mọ̀ sí Tom Brown ni: ife àgbàdo mẹ́fà, ẹ̀wà sóyà mẹ́ta, ẹ̀pà kan. Lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ni a ń yan wọ́n nítorí wọn kì í jinná pọ̀. Sóyà ló nílò iná jù. Tí kò bá yan dáadáa, inú ọmọ á máa dà rú, oúnjẹ kò sì ní í dà nínú rẹ̀ bó ṣe yẹ. Ẹ̀pà tó bá ti hu tàbí tó dúdú nínú, sọ ọ́ nù, má ṣe fi bọ́ adìẹ pàápàá. A ó da ẹ̀pà mọ́ àgbàdo kó tó dé ẹ̀rọ ìlọta, nítorí tí a bá lọ ẹ̀pà nìkan, yóò di rúrú. Èyí tí yóò tó ọ̀sẹ̀ méjì ni kí a lọ lẹ́ẹ̀kan, kí òróró ẹ̀pà inú rẹ̀ má baà kan. Omi tútù la fi ń pò ó kó tó gorí iná, yóò sì hó fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

Oògùn ìyá

Àyẹ̀wò tó ń ka iye kòkòrò inú ẹ̀jẹ̀, ìyẹn viral load, fi ju 80,000 hàn. Kílíníìkì kò yí oògùn rẹ̀ padà. Dídá a dúró ló gbé iye náà sókè, dolutegravir kì í sì í tètè pàdánù agbára rẹ̀. Wọ́n ní kó bẹ̀rẹ̀ TLD padà, kó gba ìmọ̀ràn, kí wọ́n tún ka á lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Wọ́n tún yẹ gbogbo ilé wò fún ikọ́ ẹ̀gbẹ, títí kan ìyá ọkọ. Ikọ́ ló pa baálé ilé, ó yẹ kí ẹnì kan ti ronú kan ìyẹn ṣáájú.

Ìyá kò fẹ́ padà sí kílíníìkì àkọ́kọ́. Wọ́n gba ìwé ìyípadà fún un lọ sí Ilé-Ifẹ̀, nǹkan bí kìlómítà 30 sí Iléṣà. A kò gba gbogbo ènìyàn níyànjú láti ṣe èyí. Ọ̀nà jíjìn ń bo àṣírí, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí owó ọkọ̀ kò bá sí ni ìtọ́jú dúró. Ó ṣiṣẹ́ fún obìnrin yìí nítorí pé oògùn oṣù mẹ́ta ni wọ́n ń fún un lẹ́ẹ̀kan, àti pé owó ọkọ̀ lílọ àti bíbọ̀ ń dé ọwọ́ rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, láìsẹ́ni tó máa béèrè ibi tó ń lọ.

Aago mẹ́sàn-án alẹ́ ni ó yàn. Àárọ̀ ló máa ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ tó ní irin nínú, irin àti kálísíọ́ọ̀mù sì máa ń di dolutegravir mú tí kò fi ní í wọ ara tó. Ẹni tó bá fẹ́ lo méjèèjì láìjẹun gbọ́dọ̀ lo dolutegravir ní wákàtí méjì ṣáájú wọn tàbí wákàtí mẹ́fà lẹ́yìn wọn. Alẹ́ tún bá ààwẹ̀ mu: ẹni tó ṣínu lálẹ́ lè lo hóró rẹ̀, kò sì pàdánù ọjọ́ kan. Ní ti fífi pamọ́, ìró tí hóró ń dún nínú ike ló máa ń tú ọ̀pọ̀ èèyàn fó. Àwọn kan á da oògùn sínú ọ̀rá, ọ̀rinrin á sì bà á jẹ́. Ohun tí wọ́n kọ́ ọ ni pé kó bó bébà ara ike kúrò, kó fi òwú mímọ́ dí òkè rẹ̀ kó má dún, kó fi àpò kékeré tó ń fa omi sílẹ̀ nínú rẹ̀, kó sì gbé e jìnnà sí yàrá tí ooru ọ̀lẹ̀lẹ̀ ń dé.

Ìpàdé pásítọ̀ àti wòlíì

Pásítọ̀ lóye pé bí òun bá wàásù lòdì sí orí òkè yẹn, ìyá yóò ní láti yan ẹnì kan nínú àwọn méjèèjì, ọmọ ni yóò sì jìyà rẹ̀. Ó lọ sórí òkè náà ní òun nìkan, ó bá wọn ṣe ìṣọ́ òru, ọ̀rọ̀ kò sì jáde títí ilẹ̀ fi mọ́. Hesekáyà ló fi bẹ̀rẹ̀. Ọba náà ṣàìsàn dé ojú ikú, ó gbàdúrà, Ọlọ́run sì ti ṣèlérí ìwòsàn fún un. Síbẹ̀ wòlíì Aísáyà ní kí wọ́n mú ìṣù ọ̀pọ̀tọ́ wá, kí wọ́n fi lé oówo náà. Wòlíì orí òkè dákẹ́ pẹ́, ó ní, “Bàbá, bí mo bá ní kí wọ́n máa lo oògùn, ṣé n kò ti sẹ́ agbára Ọlọ́run báyìí?” Pásítọ̀ ní Aísáyà kò sẹ́ ẹ.

Wọ́n fẹnu kò sí i pé ẹni tó bá gbé oògùn wá sórí òkè kò ní í fi í sílẹ̀, ọmọdé kò ní í gba ààwẹ̀ gbígbẹ, bí ẹnikẹ́ni bá sì jẹ́rìí ìwòsàn, dókítà ni yóò sọ ìgbà tí oògùn yóò dúró. Wòlíì pa á mọ́. Lójú tiwa, ìpàdé yẹn gba ẹ̀mí ju gbogbo àpò ìrẹsì ọdún yẹn lọ, nítorí kì í ṣe obìnrin kan ṣoṣo ló ń gun òkè náà.

Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà ni ìdánwò rẹ̀ dé. Èsì tuntun jáde pé kòkòrò kò hàn nínú ẹ̀jẹ̀ ìyá mọ́. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó fẹ́ ṣe ìdúpẹ́ ńlá, ó sì fẹ́ fi oògùn sílẹ̀, nítorí ó ti rí i lórí ìwé. Ọ̀pọ̀ ìtọ́jú ti wó lójú èsì rere bẹ́ẹ̀. Àlàyé nọ́ọ̀sì ni pé oògùn ti lé kòkòrò kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ débi tí ẹ̀rọ kò fi rí i kà, ṣùgbọ́n ó ṣì fara pamọ́ sínú àwọn ibì kan nínú ara, yóò sì jáde bí oògùn bá dúró. Bó bá tún ṣe àyẹ̀wò kíá ti ìka, yóò ṣì mú, nítorí ohun tí ara ti ṣe láti bá kòkòrò jà ni ìyẹn ń wò. Nọ́ọ̀sì tún sọ ìròyìn ayọ̀ tó wà nínú rẹ̀ gan-an: níwọ̀n ìgbà tó bá ń lo oògùn tí kòkòrò kò sì hàn, kò lè kó o ran ẹni tó bá bá lò pọ̀. Wòlíì fúnra rẹ̀ ló sọ fún un pé kó dúpẹ́, kó sì máa lo hóró rẹ̀. Ó dúpẹ́. Kò sọ orúkọ àìsàn kankan, kò sì sẹ́ni tó béèrè.

Bí àánú ṣe yí ìrísí padà

Ìgbìmọ̀ jó ìwé orúkọ náà níná. Owó opó àti aláìní ni wọ́n dá sílẹ̀ dípò rẹ̀, tó kan ẹnikẹ́ni tí ebi ń pa, ohun yòówù kó fà á. Nọ́ńbà ni wọ́n fi ń dá ilé mọ̀, èèyàn méjì péré ló sì mọ ẹni tó ni nọ́ńbà. Kò sí àpò mọ́, kò sí fọ́tò. Ìwé kékeré ni ẹni náà ń gbé lọ fún oníṣòwò kan lọ́jà, tí yóò fi gba ohun tó bá fẹ́ bí oníbàárà mìíràn. Owó ilé ìwé ń lọ tààrà sí ilé ìwé. Ìyípadà yìí ní iye tó ná wọn: àwọn tó ń fi owó ránṣẹ́ tẹ́lẹ̀ kò gbà láti máa fi ránṣẹ́ láìsí fọ́tò, nǹkan bí ìdajì owó náà sì lọ. Iye ilé tí wọ́n ń ràn dín kù fún àkókò kan. Ó dùn wọ́n, wọn kò sì padà sẹ́yìn.

Owó ìṣòwò náà ní ìtàn tirẹ̀. Wọ́n kọ́kọ́ yá a ní ₦40,000, wọ́n sì ní kó máa dá a padà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Àwọn tó ń gba owó náà bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó ti àtẹ rẹ̀ bí òṣómàáló ayé àtijọ́, àwọn èèyàn sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í wò ó. Wọ́n dá yíyá dúró. Wọ́n fi í sínú èésú àwọn obìnrin mẹ́wàá kan tó jẹ́ ọlọ́jà bíi tirẹ̀, ìjọ san ìdáwó rẹ̀ fún oṣù méjì àkọ́kọ́, òun ló sì san ìyókù. Ó gbé àtẹ lọ sí apá ibòmíràn nínú ìlú, ó sì ti ń lọ kóńgò méjì àbọ̀.

Ìyá ọkọ ló gbẹ̀yìn. Kò sẹ́ni tó wàásù fún un. Ọmọ tó ń kú lọ ti ń sáré káàkiri àgbàlá, òun ló sì ń gbé e nígbà tí ìyá wà lọ́jà. Nígbà tí ìyá ní láti sùn sílé ìwòsàn pẹ̀lú ọmọ kejì tí ibà ń ṣe, ó di dandan kí ẹnì kan fún àbígbẹ̀yìn ní oògùn ní aago mẹ́sàn-án. Ìyá sọ fún un nígbà náà, nọ́ọ̀sì sì ṣàlàyé ìyókù. Ó bínú fún ọjọ́ díẹ̀. Òun ló ń ka hóró báyìí.

Ní January 2025, nígbà tí ìjọba Amẹ́ríkà dá owó ìrànlọ́wọ́ sí òkèèrè dúró, ìbẹ̀rù bo àwọn aláìsàn, ìgbìmọ̀ kan nínú ìlú sì fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í dá owó láti ra oògùn lọ́jà. Èyí léwu: ayédèrú lè wà níbẹ̀, ẹni tó bá sì gbọ́ pé oògùn ti di títà lè bẹ̀rẹ̀ sí í fi hóró kan lo ọjọ́ méjì. Ohun tí ìjọ yìí ṣe ni pé wọ́n pe kílíníìkì, wọ́n béèrè bóyá oògùn wà, wọ́n sì mú owó ọkọ̀ gbogbo àwọn tí nọ́ńbà wọn wà lọ́wọ́ wọn wá síwájú kí wọ́n lè tètè lọ gba tiwọn.

Ohun tó kù nílẹ̀ ni àkọ́bí. Ó ti wọ ọdún 14, ó sì ti fi fóònù wá orúkọ tó wà lára oògùn àbúrò rẹ̀. Ó bi ìyá rẹ̀ léèrè. Ìyá àti nọ́ọ̀sì ti gbà pé ìyá fúnra rẹ̀ ni yóò sọ ọ́ fún un, ní kílíníìkì Ilé-Ifẹ̀, nígbà ìsinmi ilé ìwé, kí ọmọ lè béèrè ohun tó bá fẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n. Ní ti àbígbẹ̀yìn, díẹ̀díẹ̀ ni wọn yóò máa sọ fún un láti nǹkan bí ọdún mẹ́fà, kó tó dàgbà débi tí ẹlòmíràn á fi sọ ọ́ fún un lójú títì. Ìgbìmọ̀ kò sí lára àwọn tí yóò jókòó níbẹ̀, wọn kò sì mọ ọjọ́ rẹ̀. Owó ọkọ̀ èèyàn mẹ́ta dípò méjì ni ìyá béèrè, wọ́n sì ti san án.